Sí Ẹ̀yin Tó Ń Fi Ẹ̀sìn Polongo Ìbò Ààrẹ ní Àríwá Èkìtì

Ẹ̀yin bàbá wa olórí ìjọ, ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù àti àlùfáà wa, àti ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ òṣèlú máa ń yàn láti darí ìpolongo láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ọ̀tùn, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi wà fún. Ẹjọ́ kan ni mo ní í bá yín rò. Nígbà tí ẹ bá gbé ẹ̀sìn ẹni tó fẹ́ di ààrẹ síwájú ará ìlú, ẹ rò pé ẹ ń tọ́ wọn sọ́nà ni. Lójú tèmi, olùdíje ni ẹ ń ràn lọ́wọ́, nítorí ẹ ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbéèrè tó yẹ kó dáhùn.

Òfin kò fara mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n fi dìbò ọdún 2023, sọ ní abala 92 pé a kò gbọdọ̀ lo ilé ìjọsìn fún ìpolongo, a kò sì gbọdọ̀ gbé ẹgbẹ́ tàbí olùdíje kankan lárugẹ níbẹ̀, tàbí kí a bẹnu àtẹ́ lù ú. Lábẹ́ òfin yẹn, olùdíje tó bá rú u lè san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá. Gbogbo wa la sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fò ó dá. Olùdíje kì í sọ pé ìbò lòun bá wá. Ó wá jọ́sìn ni, tàbí ó wá ṣe alága ọjọ́ ìkórè, tàbí ó wá síbi wòlímọ̀. Wọ́n á pè é síwájú kó wá kí ìjọ. Á ní òun kò bá ti òṣèlú wá, àdúrà lòun wá tọrọ. Wọ́n á gbàdúrà fún un, á dá iye tó fẹ́ fi ran ilé Ọlọ́run tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, pàtẹ́wọ́ á sọ. Ní mọ́ṣáláṣí, àpò ìrẹsì àti ṣúgà inú oṣù Ramadan ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìbò, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó nínú ìjọ kò lè nàró kó bi àlejò náà ní ohunkóhun. Àmín nìkan ni wọ́n ń fi dáhùn nílé ìjọsìn.

Ẹ wá wò ó bóyá ẹ̀sìn tilẹ̀ ṣe é fi wọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, M.K.O. Abíọ́lá, Mùsùlùmí, díje fún ipò ààrẹ, Babagana Kingibe, Mùsùlùmí, sì ni igbákejì rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, dìbò fún wọn, tòun ti bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe pọ̀ tó nílẹ̀ wa. Abíọ́lá sì borí Bashir Tofa, alátakò rẹ̀, ní Kánò tí í ṣe ìlú Tofa gan-an. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2022 tí Bọ́lá Tinúbú mú Kashim Shettima ṣe igbákejì, irú ohun kan náà di èèwọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ olórí ìjọ. Ẹgbẹ́ àwọn Onígbàgbọ́, CAN, kọ̀ ọ́ jálẹ̀. APC, ẹgbẹ́ òṣèlú Tinúbú, pẹ̀lú kò sọ pé kí a fi ẹ̀sìn sílẹ̀ ká yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wò. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje tí wọ́n fi Shettima hàn ní Àbújá, àwọn tó wọ ẹ̀wù bíṣọ́ọ̀bù jókòó síbẹ̀. CAN ní àwọn kò mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń polongo fún Tinúbú ní àlùfáà tòótọ́ ni wọ́n. Peter Obi tóun náà ń díje kò fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kù nínú ìrìn ìpolongo tirẹ̀. Òṣùwọ̀n tó bá ń yí padà bí ọdún àti olùdíje bá ṣe yí padà, irọ́ ló ń pa.

Ta ló sì fagi lé ìbò Abíọ́lá? Ibrahim Babangida, Mùsùlùmí bíi tirẹ̀. Ta ló tì í mọ́lé? Sani Abacha, Mùsùlùmí bíi tirẹ̀. Abacha yìí kan náà ló dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Goodluck Jonathan, Onígbàgbọ́, ló wà lórí oyè nígbà tí wọ́n dá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ lọ́dún 2011. Kò sí ẹni tó ń pe ìpínlẹ̀ wa ní ti Mùsùlùmí, kò sí ẹni tó ń pe yunifásítì náà ní ti Onígbàgbọ́. Nílé wa pàápàá a kì í fi ẹ̀sìn wọn ara wa. Ní Ìrè, ìlú Ògún Onírè, orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògún kò ṣàjèjì lára ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Ẹnì kan lè wí pé ìjà tí kò sí ni mò ń jà, torí pé Èkìtì kò tẹ̀ lé ẹ̀sìn lọ́dún 2023. Òótọ́ ni. Ìbò 201,494 ni Tinúbú ní níbí. Atiku Abubakar ní 89,554. Obi tó jẹ́ Onígbàgbọ́ ní 11,397. Bí ìwàásù bá ń yí ìbò padà, kò ní rí bẹ́ẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ tí Onígbàgbọ́ pọ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n inú ohun tí a kò béèrè ni àdánù wa wà. Tinúbú, Atiku àti Obi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ nígbà ìpolongo pé àwọn yóò yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Wọn kò fi pa mọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba oorun lójú wa ni: nígbà wo, báwo, kí ni tálákà máa rí dì mú kí ara tó rọ̀? Dípò bẹ́ẹ̀, bí igbákejì ṣe ń kírun là ń jà lé lórí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n búra fún Tinúbú, ó kéde pé ìrànwọ́ náà ti lọ. Lítà epo tí iye rẹ̀ jẹ́ bíi 190 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000. Ẹni tó ń kó iṣu láti Ìkọ̀lé lọ sọ́jà Adó kò sanwó ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́sìn kankan.

Àtakò tó wúwo lójú mi ni ti àwọn tó ní ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe asán. Ní Kàdúná, níbi tí Onígbàgbọ́ pọ̀ sí ní gúúsù, gómìnà tó jẹ́ Mùsùlùmí mú Mùsùlùmí ṣe igbákejì fún ìdìbò ọdún 2019, ó sì wọlé. Ẹni tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ní ẹ̀tọ́ láti ké. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, abala 14, tilẹ̀ ní kí ìjọba má kún fún àwọn ará ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ nìkan. Mi ò sọ pé kí ẹ pa ẹkún yẹn mọ́ra. Ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè tí olùdíje yóò dáhùn: àwọn wo lo fẹ́ yàn, sí ipò wo, kí ni wàá ṣe fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kéré níbi tó ń gbé? Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí kí ẹ ní Ọlọ́run ti yan ẹnì kan. Nígbà tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ló kù tó lè bá a jiyàn?

Àwọn kan yóò ní kí onígbàgbọ́ má ṣe fi òṣèlú sílẹ̀ fún èèyàn burúkú. Lọ́dún 2022, Ìjọ Ìràpadà dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ìṣàkóso. N kò bá wọn jà. Kí ọmọ ìjọ gba káàdì ìdìbò, kó díje bó bá wù ú. Kí ìwàásù sì bá ìwà burúkú jà: ríra ìbò, jàǹdùkú, irọ́. Ẹ fi orúkọ ènìyàn sílẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò wọ́n. Kí ìdìbò ààrẹ tó ń bọ̀ tó dé, kí ìjọ àti mọ́ṣáláṣí Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó jọ pe gbogbo ẹgbẹ́ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, kì í ṣe ilé ìjọsìn, kí makirofóònù wà lọ́wọ́ ará ìlú. Kí a bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ náwó sórí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó. Kí a bi wọ́n nípa àwọn ọ̀nà inú igbó wa, nítorí ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé, ọlọ́pàá àti sójà sì rèé, abẹ́ ààrẹ ni wọ́n wà. Bí olùdíje kan bá wá ní ọjọ́ ìkórè kí ìpàdé yẹn tó wáyé, ẹ kí i káàbọ̀, ẹ fún un níjòókòó láàárín ìjọ, kí ó sì gbọ́ ìwàásù tán kó máa lọ.