Ẹ Má Jẹ́ Kí Ikán Jẹ Orúkọ Wọn Tán

Ẹ bi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè ìtàn ìlú rẹ̀, yóò sọ fún yín nípa Ògúnlọlá ọdẹ, bí ó ti ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó sì gbé orí rẹ̀, àti bí orúkọ ìlú ti ti ibẹ̀ jáde. Ẹ bi ọmọ Ọ̀yọ́, yóò sọ bí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, àti bí Aláàfin Àtìbà ti sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ bi ẹni kan náà léèrè orúkọ ìyá tí ó bí bàbá bàbá rẹ̀, yóò dákẹ́, yóò máa wo ilẹ̀. Ìtàn ìlú wà lẹ́nu gbogbo wa; ìtàn ilé ni ó ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa ti kó ọmọ ìlú méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe rò pé inú ìwé àjọ̀dún yìí ni ó yẹ kí a ti sọ ọ́. Ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọ ni àwọn ìwé tí a lè fi wá ìtàn náà rí wà, a sì ń wò ó níran bí wọ́n ti ń bàjẹ́.

N óò kọ́kọ́ sọ ti oríkì, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìwé nìkan ni mo gbà gbọ́. Nígbà tí ogun tú ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn èèyàn ń sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Àgọ́-Ọ̀jà, wọ́n fi ilé àti oko sílẹ̀. Oríkì orílẹ̀ ni ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ìdílé kan fi lè ti gbé Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìran márùn-ún, síbẹ̀ tí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ ní òwúrọ̀, yóò pè é ní ọmọ Oníkòyí tàbí ọmọ Òpómúléró. Àwọn kan nínú àwa oníwàásù ti lé oríkì jáde nílé Kristẹni pé ìbọ̀rìṣà ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àlùfáà ni Samuel Johnson, ó sì ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́nu àwọn àrọ́kìn ààfin ni ó ti gba ìtàn ayé àtijọ́ tí ó kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, ìjókòó náà kò sì ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́.

Àmọ́ oríkì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Jagunjagun, ọdẹ, olówó àti arẹwà ni ó fẹ́ràn. Kì í sọ ọdún. Kì í dárúkọ ìwọ̀fà tí ó ro oko baálé, tàbí ọmọ tí kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ láyé. Irú àwọn wọ̀nyí ni ìwé ìjọ máa ń rántí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1538 ni a ti pàṣẹ pé kí àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí a bí sí ìlú ọlọ́jà kékeré kan níbẹ̀ lè rí baba ńlá rẹ̀ ìran kẹwàá, bí baba náà tilẹ̀ jẹ́ alágbàṣe tí kò ní ilẹ̀ kankan. Tiwa kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe kékeré.

Ní Ọ̀yọ́, níbi tí ìjọ Áńgílíkà ti fìdí múlẹ̀, ìwé ìsàmì ọmọ ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ béèrè, torí orúkọ ọmọ àti ti àwọn òbí rẹ̀ máa ń wà pọ̀ lójú kan. Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí míṣọ́nnárì T. J. Bowen dé ní 1855, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa Onítẹ̀bọmi kì í tẹ ọmọ ọwọ́ bọmi. Ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni à ń tẹ̀ bọmi. Ẹni tí ó bá ń wá ìwé ìsàmì ọmọdé níbẹ̀ yóò wá a tì. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ìjọ ni kí ó béèrè: yóò rí ẹni tí a gbà wọlé, ẹni tí ó ṣí lọ sí ìlú mìíràn, àti ẹni tí a dá dúró nítorí pé ó fẹ́ ìyàwó kejì. (Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ-ọmọ kan kò ní fẹ́ kí a ka ti ìkẹyìn yìí sókè.) Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó sì ṣòwò ní Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì jáde ní 1969, ìwé ìjọ tí ó kàn wọ́n lè wà lọ́hùn-ún.

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni mo kà sí pàtàkì jù, torí inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orúkọ ìdílé wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa kò ní ohun tí à ń pè ní sọ́nẹ́ẹ̀mù. Orúkọ àbísọ, oríkì àti orúkọ àgbolé ti tó wọn. Ìgbà tí ọmọ dé iwájú tíṣà, tí a ní kí ó mú orúkọ bàbá rẹ̀ wá, ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin kan tí a sọ ní Ògúndélé, tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Àlàó, tí ìjọ sì sọ ní Josiah. Àkọ́bí rẹ̀ wọ ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí Ogundele, èkejì gẹ́gẹ́ bí Alao, ẹ̀kẹta gẹ́gẹ́ bí Josiah. Nígbà tí ó yá, àkọ́bí gbọ́ ìwàásù, ó yọ Ògún kúrò, ó di Oludele. Lẹ́yìn ìran méjì, àwọn ọmọ-ọmọ ọkùnrin kan ṣoṣo yìí lè fẹ́ ara wọn láìmọ̀. Bí tíṣà bá ti kọ orúkọ àgbolé sí iwájú orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlà mẹ́ta yẹn ni yóò so wọ́n pọ̀.

Ọjọ́-orí inú àwọn ìwé náà kì í ṣe é gbára lé, nítorí wọ́n máa ń fojú bù ú ni. Ó sàn kí a béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bí ẹni náà. Ọdún tí Bower fi ìbọn ńlá ja Ọ̀yọ́ jẹ́ 1895. Ọdún àrùn lúkúlúkú jẹ́ 1918.

Ẹni tí ó bá wá ìtàn ilé rẹ̀ yóò rí ohun tí kò wù ú. Ẹrú wà nínú ọ̀pọ̀ àgbolé wa, ọmọ ẹrú sì di ọmọ ilé. Àwọn àgbà a máa ní kí a má hú u jáde, kí ó má baà dá ìjà oyè àti ìjà ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rù wọn kì í sì ṣe lásán. Síbẹ̀ Mátíù kò fi Támárì, Ráhábù àti aya Ùríà pamọ́ nínú ìran Olúwa wa. Kí a kọ òtítọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí a óò kà á jáde ni kí a fi ọgbọ́n yàn.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí. Johnson parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ta ni yóò ṣe àbúrò fún ìwé ìjọ tiwa? Lẹ́tà àti ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ CMS kọ láti ilẹ̀ Yorùbá wà ní Yunifásítì Birmingham, wọ́n sì tọ́jú wọn dáadáa. Èyí tí ó kù sílé ni òjò ń jò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo bẹ ìgbìmọ̀ àjọ̀dún pé kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá (èmi náà ti san tèmi, n kò sì kábàámọ̀), kí wọ́n fi gba ọ̀dọ́ méjì tí yóò ya àwòrán gbogbo ojú ìwé ìgbọmọwọlé, láti orí ọmọ àkọ́kọ́. Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́, kí a sì bẹ ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn kí wọ́n bá wa tọ́jú òmíràn.

Ẹ̀yin òbí, nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ rán àwọn ọmọ sí ìyá àgbà pẹ̀lú fóònù tí wọn kì í gbé sílẹ̀. Kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: orílẹ̀, èèwọ̀, irú ilà tí wọ́n ń kọ nílé, orúkọ ìyá tó bí ìyá. Kí wọ́n bi àwọn ìyàwó ilé ṣáájú baálé, nítorí àwọn obìnrin ni ó ń ki ọmọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹgbẹ́ mi, ẹ gbé àwòrán kíláàsì wa sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, ẹ kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, nítorí bírò máa ń ràn dé iwájú.