Síǹkì Kò Bá Bàbà Jà Lára Awọ

Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta ìpara: "Bó o bá ti fi sírọ́ọ̀mù bàbà pa ojú, má fi síǹkì sí i o, yóò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́." Sírọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní copper peptide ni wọ́n ń sọ. Àwọn onírun náà ti gba ọ̀rọ̀ yìí mú, débi pé ẹlòmíì ń bẹ̀rù kalamáìn lásán torí síǹkì inú rẹ̀. Èmi ò gbà. Òótọ́ kan ló bí irọ́ yìí, àmọ́ inú ìfun ni òótọ́ ọ̀hún ń gbé.

Ẹni tó bá ń gbé síǹkì púpọ̀ mì lójoojúmọ́, ara ìfun rẹ̀ á máa pèsè púrọ́tíìnì kan, metallothionein. Òun ló ń gbá bàbà inú oúnjẹ mú tí kò fi ní ráyè dénú ẹ̀jẹ̀. Bí awọ ìfun bá sì ti ń re, bàbà á bá ìgbẹ́ jáde. Àwọn dókítà tilẹ̀ ń fi èyí ṣe ìwòsàn: àwọn alárùn Wilson, tí bàbà ń kún inú ẹ̀dọ̀ wọn, síǹkì wà lára oògùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ni gbogbo èyí gbà wọlé. Awọ ojú kọ́ ni bàbà oúnjẹ ń gbà wọ ara.

Wọ́n á ní síǹkì á já bàbà gbà lọ́wọ́ peptide. Báwo? GHK, peptide inú sírọ́ọ̀mù náà, tí Loren Pickart rí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní 1973, amino acid mẹ́ta péré ni, ó sì di bàbà mú gírígírí. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Irving àti Williams ti to agbára àwọn irin wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ kí Pickart tó dé: tí bàbà àti síǹkì bá jọ ń du ìdìmú kan, bàbà ló máa ń dá síǹkì. Lẹ́búlẹ́bú inú kalamáìn, ṣe bí ẹ ti rí i tó ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò? Kò yòrò tó nǹkan.

Inú ara wa pàápàá, ẹ́ńsáìmù kan wà tó gbé bàbà àti síǹkì pọ̀. McCord àti Fridovich ló fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní 1969. Èyí tó sì dùn mọ́ mi jù ni ti Jacques Dalibour, oníṣẹ́-abẹ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé láyé Louis Kẹrìnlá. Ó po sulphate bàbà mọ́ sulphate síǹkì nínú omi kan náà, ó ń fi wẹ egbò. Ó ti lé ní 300 ọdún, omi Dalibour kò tíì parẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn awọ.

Ohun tó yẹ kí wọ́n máa kìlọ̀ rẹ̀ ni ásíìdì líle, ògidì fítámìn C, àti EDTA tó pọ̀ nínú ọṣẹ àti ìpara, torí àwọn wọ̀nyí lè tú bàbà kúrò lára peptide. Èmi ò sì sọ pé àpòpọ̀ bàbà òun síǹkì ń hu irun lórí apárí o. Ẹni tó bá fi ìyẹn tajà, ẹ bi í léèrè ẹ̀rí.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó ń sá fún ìpara síǹkì yìí kan náà ló ń gbé oníkóró síǹkì mì nítorí irun tó ń re, láìka iye rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, mílígíráàmù 40 lóòjọ́ ni òpin fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá ń kọjá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè di ẹni tí bàbà tán lára rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ á dínkù, ẹsẹ̀ á máa kú tipiri. Ìyẹn ni kí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí.