Ère Nìkan Kò Tó: Ìrántí Ngarimu

Àwọn àgbà ní ìgbà tí a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ère nìkan tó láti fi rántí ọmọ tí ogun gbé lọ? Lójú tèmi, kò tó. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn àwọn Māori ilẹ̀ New Zealand gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Ọmọ ẹ̀yà Ngāti Porou ni Te Moananui-a-Kiwa Ngarimu, tí wọ́n bí ní ọdún 1919. Nígbà ogun Hitler, ó jẹ́ ọ̀gá sójà nínú Bàtálíọ̀nù 28, ti àwọn Māori, tó jà ní aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1943, ní Tebaga Gap ní ilẹ̀ Tùnísíà, ó ṣíwájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gun òkè tí àwọn ará Jámánì dì mú. Ìbọn bà á léjìká, ó tún bà á lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kó kúrò lójú ìjà, ó kọ̀. Ìbọn àti òkúta ni ó fi ń lé ọ̀tá padà. Ọjọ́ kejì ni ó ṣubú, ọmọ ọdún 23. Tùnísíà náà ni sàréè rẹ̀ wà.

Àwọn òbí rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù ni òfin ọdún 1945 tó dá owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní orúkọ Ngarimu àti bàtálíọ̀nù rẹ̀, fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Māori àti fún títọ́jú èdè, ìtàn àti àṣà wọn.

Ẹnìkan lè wí pé ẹ̀kọ́ kò lè dá ọmọ padà fún òbí. Òótọ́ ni. Ère náà kò sì lè dá a padà. Ṣùgbọ́n ère a máa dákẹ́. Ọmọ tó gbọ́ èdè baba rẹ̀ ni yóò lè pe òkú ní orúkọ bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é.

Àwa náà ní tiwa. Àwọn sójà Nàìjíríà la ilẹ̀ Sòmálíà kọjá dé Harar ní ọdún 1941. Àwọn mìíràn kú sí Bọ́mà. Orúkọ nìkan ni òkúta sàréè lè gbà, kò lè gba oríkì. Bí ẹni tí kò bọ̀ bá wà nínú ìdílé yín, ẹ bi àwọn àgbà léèrè, kí ẹ sì kọ oríkì rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó tán.