Ọgbà Ìṣeré Wo La Ó Kó Wọn Lọ?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì kù kí ilé-ìwé tó gba ọlidé nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ nílé wa ní Alabar. Ọmọ wa ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rí fídíò kan lórí fóònù. Àwọn ọmọdé ń yọ̀ wálẹ̀ sínú omi, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń gbé wọn gun òkè, ó sì ń já wọn wálẹ̀ wìì, wọ́n ń ké, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Èkó ni, ó ní ibẹ̀ lòun fẹ́ lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò mọ ibi tí Èkó wà, ṣùgbọ́n ó ti ń di báàgì.

Èkó kọ́ ni ibẹ̀. Hi-Impact Planet ló rí, Ìbafọ̀ ló wà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ àwa àgbà náà lára nìyẹn, nítorí pé ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni. A ní bí a bá kúkú lọ, a ó yà kí àwọn ọmọ ṣeré, a ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Ìrìn kan, iṣẹ́ méjì. A kò tíì jókòó ṣírò owó nígbà tí a ń sọ èyí o.

Nígbà tí a jókòó ṣírò rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti Kumasi dé Accra tó bí ìwọ̀n kìlómítà 250. Láti Accra, ẹ ó lọ sí Aflao, ẹ ó wọ Tógò, ẹ ó la Lomé kọjá, ẹ ó wọ Benin ní Hillacondji, ẹ ó la Kùtọnu kọjá, kí ẹ tó dé Sẹ̀mẹ̀. Ibodè mẹ́ta. Òtítọ́ ni pé láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn náà ló ní kí ẹ ní ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmọdé náà kò sì yọ sílẹ̀. Owó ọkọ̀ lílọ nìkan fún àwa mẹ́rin ju owó oúnjẹ oṣù méjì lọ nílé wa. A kò tíì ka bíbọ̀, a kò tíì ka ibi tí a ó sùn, a kò tíì ka owó ìwọlé ọgbà ìṣeré àti tàwọn ohun tí wọ́n ń tà nínú rẹ̀ tí ọmọ kì í rí kó má sunkún lé.

A ti rin ọ̀nà náà rí, ní ọdún 2018, nígbà tí ọmọkùnrin yìí ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. A kúrò ní Kumasi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ti ń mọ́ kí a tó fojú kan Èkó. Ọkọ̀ tó gbé wa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ibodè kan, òjò pa wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí ẹ bá bi ọmọ náà lónìí pé kí ló rántí nínú ìrìn àjò yẹn, yóò sọ fún yín pé ewúrẹ́ kan jẹ bisikíìtì òun. Kò rántí ohun mìíràn rárá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Nàìjíríà ti ibodè. Kí wọ́n tó ṣí tiwọn ní ìparí ọdún 2020, Ghana náà ti ti tirẹ̀ nítorí àrùn Kòrónà, kò sì ṣí ti orí ilẹ̀ títí di ìparí oṣù Kẹta 2022. Báyìí ni “a ó lọ lọ́dún tó ń bọ̀” ṣe di orin nílé wa.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ èyí tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rò kí wọ́n tó gbéra. Nínú àwọn ọgbà ìṣeré ńlá, wọ́n máa ń wọn gíga ọmọ kí wọ́n tó jẹ́ kó gun àwọn ẹ̀rọ tó ń sáré. Aládùúgbò wa kan kó àwọn ọmọ mẹ́ta lọ sí ọ̀nà jíjìn nítorí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré jù, tó jẹ́ pé òun ló fi ẹkún gba ìrìn àjò náà, kò ga tó. Ìdí ògiri ló dúró sí pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ń wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ wọn ọmọ yín nílé kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Ọmọ wa obìnrin, a ti wọ̀n ọ́n. Ẹ má bi wá léèrè.

Kí ló wá wà nítòsí? Rattray Park wà ní Nhyiaeso, wọ́n ṣí i ní ọdún 2015. Omi ń jó níbẹ̀ pẹ̀lú iná àti orin, koríko wà, ibi ìṣeré ọmọdé wà. Orúkọ Robert Sutherland Rattray ni wọ́n fi sọ ọ́, òyìnbó tó kọ ìwé lórí àṣà àti òwe àwọn Asante. Àwa tí a ń ka ìwé èdè ní yunifásítì máa ń rí orúkọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ wa. Ohun tó dùn mọ́ ọmọ wa nínú ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa o. Ohun tó wù ú ni pé ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni ọkùnrin náà ń wà nígbà tó já, tó sì kú, ní 1938. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e kò tán títí ilẹ̀ fi ṣú.

Fún ẹni tó fẹ́ jìnnà díẹ̀ láìkan ibodè, Kakum wà lókè Cape Coast. Láti 1995 ni afárá tí wọ́n fi okùn so mọ́ orí igi ti wà níbẹ̀, afárá méje tí gígùn gbogbo rẹ̀ tó mítà 350, ibi tó ga jù sì tó mítà 40 sílẹ̀. Oorun ọjọ́ kan péré ni yóò gbà yín. Àwa kò tíì lọ, nítorí pé ọ̀kan nínú àwa òbí méjèèjì ń bẹ̀rù ibi gíga, kì í sì í ṣe àwọn ọmọ là ń sọ.

Ohun tó ń dùn wá nínú ti tòsí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ gbangba. Ojú ń tini. Bí àwọn ọmọ bá padà sí ilé-ìwé, tí ọ̀kan ní òun lọ sí Dubai, tí òmíràn ní òun lọ sí Èkó, kí ni tiwa yóò sọ? Pé òun wọ tróótró lọ sí Nhyiaeso? Ohun mìíràn tún wà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Alabar, a ti fi ara wa kọ́ láti máa pe ibi kan ní ilé, ibi kan ní ibi iṣẹ́. Ibi iṣẹ́ ni Kumasi. Ta ló ń kó ọmọ lọ gbafẹ́ níbi iṣẹ́? Nítorí náà, bí a bá rò pé kí ọmọ mọ èdè rẹ̀, kó mọ ilé rẹ̀, ọkàn wa á ti sọdá ibodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹsẹ̀ tó gbéra.

Ní alẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan, a pe Ìyá Àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí a wá. Ìyá tó bí bàbá wa ni wọ́n. Alabar yìí ni wọ́n bí wọn sí, àwọn òbí wọn ń ta aṣọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Ìyá Àgbà. Wọ́n pọn bàbá wa, wọ́n gbé ẹrù tó ṣeé gbé, wọ́n lọ sí ìlú tí wọ́n ń pè ní ilé, tí wọn kò gbé rí. Bàbá wa dàgbà tán, ó padà sí Kumasi. Ìyá Àgbà kò padà mọ́.

A gbé fóònù fún ọmọkùnrin wa. Ó ní, “Ẹ káalẹ́ mà.” Ó sì dákẹ́. Ìyá Àgbà ní, “Àkànní ọkọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ti jẹun?” Ó ní, “Ẹ ṣé mà.” Ó tún dákẹ́. Ìtìjú bò wá mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ èdè là ń ṣe, ọmọ wa kò sì lè bá ìyá tó bí bàbá wa sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ wa ti nà láti gba fóònù padà nígbà tí a gbọ́ pé Ìyá Àgbà yí èdè padà: “Wo ho te sɛn?” Ojú ọmọ náà là. “Nana, me ho yɛ!” Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sọ Twi. Àádọ́ta ọdún ó lé tí Ìyá Àgbà ti kúrò, Twi wọn ṣì dán, àfi àwọn ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọmọdé òde òní kì í lò mọ́, tí ọmọ náà ń fi rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni wọ́n bi í léèrè pé ṣé àwọn àdán ṣì wà lórí igi níbi tí wọ́n kó ẹranko sí, lẹ́bàá Kejetia. Ọmọ náà wò wá. Kò mọ̀. Ọgbà ẹranko Kumasi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, tí wọ́n ṣí ní 1957, ẹsẹ̀ la lè fi rìn débẹ̀ láti ilé wa, a kò sì mú un wọ ibẹ̀ rí. Ìyá Àgbà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwọn nígbà tí wọ́n ṣí i, bàbá wọn ló mú wọn lọ. “Ẹ mú wọn lọ wò ó fún mi,” wọ́n ní. “Kí wọ́n wá sọ fún mi bó ṣe rí.”

A lọ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. A kò ní tàn yín, kì í ṣe ibi tí nǹkan ti ń dán yanran bíi ti inú fídíò. Ṣùgbọ́n àwọn àdán wà níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n so rọ̀ lórí igi bí èso, wọ́n ń pariwo lọ́sàn-án gangan. Ọmọbìnrin wa bèèrè ìdí tí wọ́n fi dorí kodò. A rántí òwe, pé àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ gbogbo. Ó dorí tirẹ̀ náà kodò láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ wo ìṣe wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba fóònù, ó ń ya fídíò fún Nana, ó ń ṣàlàyé ní Twi, ó wá dúró, ó bi wá pé kí ni Yorùbá ń pe ọ̀nì, kí ni Yorùbá ń pe ìyẹ́ apá. Láàárín wákàtí méjì, ó bèèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́wọ́ wa ju bó ti bèèrè láti ọdún kan lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a lọ sí adágún Bosomtwe, nǹkan bí kìlómítà 30 sí Kumasi. Òkúta ńlá láti òfúrufú ló já lulẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, ihò rẹ̀ ló di adágún. Ìtàn àwọn Asante sọ pé ọdẹ kan, Akora Bompe, ló lé ẹtu kan dé etí omi náà pẹ̀lú ajá rẹ̀, ẹtu náà sì wọ inú omi, kò jáde mọ́. Èyí ló bí orúkọ náà: ɔbosom ni òrìṣà, ɔtwe ni ẹtu. (Ọ̀rọ̀ méjèèjì, ɔtwe àti ẹtu, jọra létí, ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí ìyẹn pè wọ́n ní ìbátan, olùkọ́ wa á gbọ́.) Wọ́n ka irin léèwọ̀ fún omi náà. Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní padua ni àwọn apẹja ń jókòó lé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tukọ̀. Létí omi yẹn ni a ti sọ fún wọn pé ọdẹ náà ló tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, pé Ògúnlọlá ń gbé nídìí igi àjàgbọn kí ó tó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Ọmọkùnrin wa pín orúkọ ìlú náà sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀: ó-gbé-orí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ó ní ṣé igi náà ṣì wà. A ní kó bi Nana.

Ibi tí a fi àbá sí nìyí, bí ó bá wúlò fún yín. Eré, tòsí ni. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín omi tó ń jó ní Nhyiaeso àti èyí tó ń jó ní òkè òkun, àfi bí ẹ bá sọ fún un. Ọ̀nà jíjìn, ènìyàn ni kí ẹ tìtorí rẹ̀ lọ. A ti yọ ọgbà ìṣeré kúrò nínú ìrìn àjò Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé bí a bá fi kún un, Ìyá Àgbà ló máa di ibi tí a yà sí. Owó tí ì bá bá ẹ̀rọ lọ ti wọ inú owó ọkọ̀. Oṣù Kejìlá la fẹ́ lọ. Ìyá Àgbà kì í ṣe ọmọdé, a kò sì ní kọrin “lọ́dún tó ń bọ̀” mọ́. Ọmọkùnrin wa bínú fún ọjọ́ méjì, a kò ní purọ́. Ó ṣì ń wo fídíò náà.

Ìwé ìrìnnà ọmọbìnrin ló kù báyìí. Ó dijú nínú fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n yà fún un, wọn kò sì gbà á. Ní Ọjọ́ Ajé, a ó tún un yà.