Ilẹ̀kùn Ògògà àti Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Ṣe Tíátà

Bí ọmọ kan bá sọ fún òbí rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ẹmùrẹ́ pé iṣẹ́ òṣèré ni òun fẹ́ kọ́, tí òbí náà kò bá lé e jáde, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, 'Yunifásítì wo?' Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu, ó lè fi kún un pé, 'Àbí kí a kúkú máa múra Lọ́ńdọ̀nù?' Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò béèrè pé, 'Lọ́dọ̀ ta ni?' Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yìí ni àwọn baba wa ì bá kọ́kọ́ béèrè, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ọ̀nà ni ọmọ fẹ́ kọ́, ì báà jẹ́ ìlù. Òun ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn níhìn-ín, mo sì mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní í dùn sí i.

Èémí, ohùn, ojú, ọrùn ẹsẹ̀: ìwọ̀nyí ni irinṣẹ́ òṣèré. Kí wá ni ìdánwò JAMB mọ̀ nípa wọn? Ẹni tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ yóò wọlé. Ẹni tí ohùn rẹ̀ lè pa gbogbo ọjà lẹ́nu mọ́ yóò jókòó sílé nítorí pé ìwé mẹ́wàá rẹ̀ kò pé. Àwọn tí ń fi Lọ́ńdọ̀nù yangàn kò jẹ̀bi nínú èyí. Ní RADA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904, àti ní LAMDA, ọmọ ní láti dìde dúró níwájú àwọn olùkọ́ kí ó ṣe eré kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Bí wọ́n bá mú un, ọdún mẹ́ta gbáko ni ó máa ń fi kọ́ bí a ti ń mí, bí a ti ń rìn, bí a ti ń sọ̀rọ̀. David Oyelowo, ọmọ Yorùbá, jáde ní LAMDA ní 1998. Nígbà tí ó di 2000 ó ti ń ṣe Ọba Henry Kẹfà fún ẹgbẹ́ Royal Shakespeare Company. Ẹ̀kọ́ tí ó ń so irú èso bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àfojúdi.

Ṣùgbọ́n ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí òṣèré bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan wọni lára, ó lè gbé ohùn rẹ̀ sókè kí ó sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí inú rẹ̀ bá ti rí. Ta ni ó jẹ́ dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀? Ohùn tiwa ti ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe. Ìtumọ̀ ni ó gbé lọ́wọ́. Òṣèré Yorùbá kò lè fi ohùn òkè ṣeré bí ó ti wù ú. Inú èémí, inú fífa ọ̀rọ̀ gùn, inú ìyára àti ìdákẹ́ ni ó ní láti wá ìbínú àti ẹkún lọ. Àwọn tí ó mọ èyí dáadáa ni onírárà, oníjàálá, àwọn tí ń sun ẹkún ìyàwó àti àwọn ọ̀jẹ̀ tí ń pe èṣà. Èwo nínú wọn ni ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù? Ìbéèrè tí ó tún dùn mí jù ni pé, èwo nínú wọn ni ó ń gba owó oṣù olùkọ́ ní yunifásítì tiwa?

Àwa ará gúúsù Èkìtì ní àpẹẹrẹ nílé. Ọlọ́wẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ó sì di ará Ìsẹ̀ lọ́dọ̀ Arínjálẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì tún gbẹ́ òmíràn sí ààfin. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù di òní. Ara mi balẹ̀ sí ìtàn yìí níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà ní Ìsẹ̀ tí ó lè gbẹ́ òmíràn. Bí a bá fi àwọn ọmọ wa ránṣẹ́, tí kò sì sí ẹni tí ó ń kọ́ òmíràn nílé, àga àlejò nìkan ni yóò kù sí wa lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò ní tíátà kò ní ilé-ẹ̀kọ́, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà. Irọ́ gbáà ni. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ó rí àwọn eléégún alárìnjó tí wọ́n di erè, tí wọ́n sì fi òyìnbó ṣẹ̀fẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í kọ́ni bí a ti ń di erè. Ọmọ ọ̀jẹ̀ tí ó ti ń tẹ̀lé baba rẹ̀ kiri kí ó tó mọ nǹkan kan ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ pẹ́ ju ẹnikẹ́ni tí ó gba dìgírì lọ. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó òun. Ó ti di ọ̀gá pátápátá kí ó tó lọ lo oṣù mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ eré ti Yunifásítì Ìbàdàn ní 1962, ohun tí ó sì ti ibẹ̀ jáde ní 1963 ni eré Ọ̀mùtí tí a fà yọ nínú ìwé Amos Tutuola, tí Demas Nwoko ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Ògúnmọ́lá kò fi èdè tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé.

Ìbàdàn ayé ìgbà náà fi dípúlómà kọ́ irú Túnjí Oyèlànà àti Jimi Solanke. Ní Ifẹ̀, Orí Olókun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 gba Peter Fátómilọ́lá, ọmọ Ìfìsìn-Èkìtì, ó sì fi òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níwájú ará ìlú. Lójú tèmi, ọ̀nà tí ó dára jù lọ tí a tíì là nìyẹn, àwa náà ni a sì jẹ́ kí ó dí nígbà tí dìgírì di ọba.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé pé kí ọmọ lọ sá di ọ̀gá onífíìmù èyíkéyìí. Nínú ẹgbẹ́ Ògúndé, alaalẹ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ ń rí eré kan náà títí yóò fi mọ ibi tí àwọn èrò ti ń rẹ́rìn-ín àti ohun tí ó fà á. Nídìí fíìmù, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ya ìran, ó parí. Ọmọ yóò san owó fọ́ọ̀mù, yóò gbé báàgì, yóò sọ gbólóhùn méjì, wọ́n á ní ó ti gba fíríìdọ̀mù. Ohùn Èkìtì rẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá ṣe aláwàdà ni yóò ṣe, wọ́n á ní kí ó lọ fi pamọ́. Ẹ̀gàn ni èyí.

Nítorí náà, òbí tí ó bá fẹ́ yan ibi ẹ̀kọ́ kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ tí ó wà lára ìwé-ẹ̀rí ṣe àkọ́kọ́. Kí ó béèrè iye ìgbà tí ọmọ yóò dúró níwájú èrò láàárín ọdún kan. Kí ó béèrè ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ohùn, àti ní èdè wo. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti rí èyí gbà, bí ààyè Lọ́ńdọ̀nù bá yọ, kí ó lọ bí Ògúnmọ́lá ti lọ sí Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹrù lórí. Yunifásítì tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ gan-an lè bẹ̀rẹ̀: òkè Ọlọ́sùnta ń wò wọ́n, àwọn tí ó mọ orin àti oríkì ọdún rẹ̀ sì wà nílé. Kí wọ́n pè wọ́n wọ kíláàsì, kí wọ́n san owó fún wọn bí olùkọ́, kí wọ́n má ṣe bi wọ́n ní ìwé mẹ́wàá.

Kí òbí tó san kọ́bọ̀, kí ó lọ jókòó síbi tí àwọn ọmọ ti ń dánra wò fún wákàtí méjì. Bí wọ́n bá ní kò lè wò ó, kí ó mú ọmọ rẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé.