Ọ̀nà Fẹ̀, Àmọ́ Ó Níbi Tó Há

Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí awakọ̀ bá pẹ́ dé, ọ̀gá á ní: “Ṣebí ọ̀nà fẹ̀?”

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kì í wọn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lódindi. Wọ́n ń pín in sí abala: ibi tó lọ gbọọrọ, ibi ìwọlé, ibi ìyàjáde, àti ibi tí ọkọ̀ tó ń wọlé ń gba iwájú èyí tó ń jáde. Ní ibi ìwọlé, nǹkan bí 450 mítà ni wọ́n kà mọ́ ọn. Abala tó há jù ló ń dá gbogbo ọ̀nà dúró.

Kí ìjọba wọn abala kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún èyí tó há ṣe. Kí ọ̀gá má sì gé owó awakọ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.