Ẹ Jẹ́ Ká Bọ́ Àwọn Tó Ń Gbé Inú Ìfun Wa

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ ikùn la fẹ́ bá yín sọ. Bí ẹnìkan bá sanra jù láàárín wa, àwọn kan á ní ayé ń yẹ ẹ́, àwọn mìíràn á ní wọ̀bìà ni. Ọ̀rọ̀ náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun ẹnì kọ̀ọ̀kan wa pọ̀ ju gbogbo ènìyàn ayé lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ohun tí inú wa kò lè dà ni oúnjẹ wọn: háhá ẹ̀wà, fọ́nrán ẹ̀fọ́, èèpo ọkà. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, wọ́n á tú èròjà tó ń mú ìfun ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé, "Ó tó, a ti yó." Ọ̀kan lára iṣẹ́ tí ìfun ń rán yìí, GLP-1, ni abẹ́rẹ́ Ozempic táwọn ènìyàn fi ń fọn ń sín jẹ.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ tó fi ìgbẹ́ àwọn ọmọ abúlé Boulpon ní Burkina Faso wé ti àwọn ọmọ Florence ní Ítálì rí i pé àwọn ọmọ Boulpon, tó ń jẹ ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ló ní èròjà rere tí kòkòrò ìfun ń tú jù. Ní 2013, ní St. Louis, Amẹ́ríkà, wọ́n mú kòkòrò ìfun àwọn ìbejì tí ọ̀kan sanra tí èkejì kò sanra, wọ́n fi sínú eku. Oúnjẹ kan náà làwọn eku ń jẹ, síbẹ̀ èyí tó gba ti ẹni tó sanra ló lọ́ràá sí i. Lóòótọ́, eku kì í ṣe ènìyàn. Ìran, oorun àti àìrìn náà sì wà nínú ohun tó ń mú ni sanra. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wà lọ́wọ́ wa.

Gàrí Ìjẹ̀bú nìkan kò tó. Bó tilẹ̀ kan, kòkòrò tó mú un kan ti kú sínú agbada. Ẹ dín ṣúgà rẹ̀ kù, kí ẹ fi ẹ̀wà jẹ ẹ́. Ẹ fi ẹ̀fọ́ ti ìkọ́kọrẹ́. Bí ẹ bá ń mu ọsàn, ẹ jẹ háhá rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin régbérégbé tí ẹ ń dá aṣọ fún Ojúde Ọba lọ́dọọdún, ẹ fi ìṣọ̀kan yẹn ṣètò oúnjẹ àríyá: kí ọlẹ̀lẹ̀ àti ìrẹsì ọ̀fadà wà níbẹ̀, kí omi pọ̀ ju ẹlẹ́rìndòdò lọ.

Ẹ̀yin tí inú ń run, ẹ yé sáré ra Ampiclox àti Flagyl láìrí dókítà. Oògùn apakòkòrò kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá.

Ẹ má sì febi pa ara yín nítorí àtifọn. Bí ara bá ń rù, ọpọlọ á kà á sí ìyàn, á mú kí ebi le sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. Ẹ yé fi ẹni tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtìjú kì í dín ọ̀rá kù.

Lónìí, ẹ fi okùn wọn gíga yín, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Bí kò bá lè yí ikùn yín ká lókè ìdodo díẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí wọ́n yẹ ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò.